Ọjọ́ mẹ́wàá, orílẹ̀-èdè mẹ́ta: ṣé sàfárì àkọ́kọ́ lè rí bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Èmi àti ọkọ mi, àwọn ìbejì wa tí wọ́n pé ọmọ ọdún méje, àti àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní London. Ọjọ́ mẹ́wàá la ní. A ò tíì dé igbó ọba kankan nílẹ̀ òkèèrè rí. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni Maasai Mara ní Kẹ́ńyà, Serengeti ní Tànsáníà, ká wá fi Kruger ní Gúúsù Áfíríkà kádìí ẹ̀. Oṣù Kẹjọ la fẹ́ lọ, torí wọ́n ní ìgbà yẹn làwọn ẹranko máa ń sọdá odò. Ẹnì kan ní a kàn fẹ́ náwó dànù ni, ẹlòmíì ní kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ta ni ká gbọ́? Kí la sì máa kọ́kọ́ ṣe: tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, físà, àbí ibi tí a máa sùn?

* * *

Alárìnká

Ẹ yọ orílẹ̀-èdè méjì kúrò. Ẹ jẹ́ ká fi ìka ka ọjọ́ náà.

Láti Èkó sí Nairobi, bàálù tó lọ tààrà ń lo nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, aago ibẹ̀ sì fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Láti Nairobi sí Mara, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà nínú mọ́tò, ọ̀nà Narok. Mara àti Serengeti fara kan ara wọn lójú máàpù, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ẹranko ń gba ibẹ̀ kọjá, àlejò ò lè gba ibẹ̀. Ẹ máa yí lọ sí ibodè Isebania, tàbí kẹ́ ẹ padà sẹ́yìn wá sí Namanga. Ọkọ̀ Kẹ́ńyà á já yín sílẹ̀ níbẹ̀, ti Tànsáníà á gbé yín ní òdìkejì. Odindi ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Láti àárín Serengeti dé Arusha lé ní 300 kìlómítà, apá tó pọ̀ níbẹ̀ ni kì í ṣe títì ọlọ́dà. Lẹ́yìn náà ni bàálù sí Johannesburg, àti nǹkan bíi 400 kìlómítà mìíì kẹ́ ẹ tó rí géètì Kruger.

Ọjọ́ márùn-ún nínú mẹ́wàá ti wọ inú ọkọ̀ àti ibodè. Ọmọ ọdún méje ò ní rántí Serengeti, àga ọkọ̀ ló máa rántí.

Físà ló yẹ kó bá yín yan orílẹ̀-èdè, kì í ṣe fọ́tò tẹ́ ẹ rí. Láti ọdún 2025 ni Kẹ́ńyà ti yọ ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, kúrò lára àwọn tó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní eTA kí wọ́n tó wọlé. Tànsáníà ń béèrè físà lọ́wọ́ wa. Gúúsù Áfíríkà náà ń béèrè, ìwé tí wọ́n sì ń gbà pọ̀, pàápàá tí ọmọdé bá wà níbẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ mú ìwé ìbí tó gbé orúkọ bàbá àti ìyá dání. Ẹ máa mú Kẹ́ńyà nìkan.

* * *

Ọmọ Ọdẹ

Mo fara mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ yọ Kruger kúrò. Ṣùgbọ́n láti máa sọ pé orílẹ̀-èdè méjì ò ṣeé ṣe rárá, ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Bàálù kékeré wà tó ń gbéra nínú Mara lọ sí Migori, wọ́n á fi mọ́tò gbé yín sọdá ibodè Isebania, bàálù mìíì á gbé yín ní Tarime wọ Serengeti. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ ní Mara lè jẹun ọ̀sán ní Serengeti.

* * *

Alárìnká

Ó ṣeé ṣe fún tọkọtaya tó lówó lọ́wọ́, tí ẹrù wọn ò sì pọ̀. Bàálù kékeré yẹn, kílò 15 péré ló ń gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, báàgì ọwọ́ wà nínú ẹ̀, báàgì náà sì gbọ́dọ̀ rọ̀, torí ihò tí wọ́n ń ki ẹrù sí nídìí bàálù ò gba àpótí líle oníkẹ̀kẹ́. Èèyàn márùn-ún ní ìlọ́po méjì bàálù, pẹ̀lú físà Tànsáníà fún mẹ́rin nínú wọn ó kéré tán, pẹ̀lú owó ọgbà méjì. Owó yẹn tó fún ọjọ́ mẹ́ta sí i ní Mara. Ọjọ́ púpọ̀ lójú kan ló ń jẹ́ kéèyàn rí ẹranko. Kìnnìún tó sùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lónìí lè ṣọdẹ lójú yín lọ́la, tẹ́ ẹ bá ṣì wà níbẹ̀.

* * *

Wúrà Peckham

Àwa tí a wà ní London la máa ń ṣe àṣìṣe orílẹ̀-èdè mẹ́ta yìí jù, torí a máa ń rò pé "mo ti wá dé ìhín náà, kí n kúkú rí gbogbo ẹ̀." Ẹ gbọ́ ti Alárìnká.

Àbúrò ọkọ yín: tó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Brítéènì ló ń lò, eTA kàn án. Kó lọ sí ojú-òpó ìjọba Kẹ́ńyà fúnra ẹ̀, etakenya.go.ke. Àwọn ojú-òpó tó jọ ọ́ pọ̀ tí wọ́n ń gba ìlọ́po owó fún nǹkan kan náà, àwọn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jáde téèyàn bá wá a lórí Google. Kó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó má dúró di ọjọ́ mẹ́ta tó kù.

* * *

Akówójọ

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ owó géètì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Láti oṣù Keje ọdún 2024, Mara ń gba $200 lọ́wọ́ àgbà àlejò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, láti oṣù Keje sí oṣù Kejìlá. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹfà, $100 ni. Àgbà mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta ní oṣù Kẹjọ: $1,800. Ọjọ́ mẹ́ta kan náà ní oṣù Kejì: $900. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án kì í san, orí yín sì wà níbẹ̀ yẹn.

Tíkẹ́ẹ̀tì géètì náà, wákàtí méjìlá ló ń ṣe, aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Èyí ló ń kó ìyàlẹ́nu bá àwọn èèyàn. Tẹ́ ẹ bá dé ní aago méjì ọ̀sán tẹ́ ẹ sì ní "ẹ jẹ́ ká kúkú wọlé díẹ̀", odindi $200 lẹ ti san fún wákàtí mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá sùn sínú ọgbà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ti jáde kí aago mẹ́wàá tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á gba ti ọjọ́ yẹn náà. Apá ìwọ̀-oòrùn odò, tí wọ́n ń pè ní Mara Triangle, lábẹ́ àbójútó mìíì ló wà, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ kan kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò tó ń ṣètò ìrìn-àjò yín kó tó gba kọ́bọ̀: ẹ̀gbẹ́ wo, ọjọ́ mélòó, ṣé owó géètì wà nínú iye tí ẹ dá yìí? Tó bá dáhùn pé "gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀," ẹ ní kó kọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: géètì, ọkọ̀, epo, ibùsùn, oúnjẹ, omi.

* * *

Ọmọ Ọdẹ

Owó ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ká lọ ní oṣù tí kò yẹ. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni ìsọdá odò. Àwọn wildebeest, ẹranko onírùngbọ̀n tó fẹ́ jọ màlúù, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Oṣù Kìíní sí Kẹta ni wọ́n ń bímọ ní gúúsù Serengeti, lágbègbè Ndutu. Wọ́n ń tẹ̀lé òjò àti koríko títí wọ́n á fi dé odò Mara, láti oṣù Keje títí di oṣù Kẹwàá. Ẹni tó bá lọ sí Mara ní oṣù Kejì á rí kìnnìún, erin, ẹfọ̀n, àgùnfọn, kò ní rí ìsọdá.

* * *

Alárìnká

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣèlérí ìsọdá fún Ìyá Ìbejì. Agbo náà lè dúró létí odò fún wákàtí mẹ́ta, kí ọ̀kan ta félefèle, kí gbogbo wọn sì yí padà. Ọkọ̀ á tò síbẹ̀, oòrùn á mú, àwọn ọmọ á béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ létí odò tí ọ̀nì wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán ló yẹ kó fi sílẹ̀, àti ọkàn tó lè gbà pé òun lè má rí i.

Oṣù Kẹrin àti Karùn-ún nìkan ni mo máa sọ pé kí ẹni àkọ́kọ́ yẹra fún. Òjò ńlá ni, ilẹ̀ Mara dúdú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ táyà bí àmọ̀, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kì í yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (4x4) á rì.

* * *

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun. Oṣù Kẹjọ la máa mú, torí ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí òjò yẹn, Kérésì sì ṣì wà nínú $200. Kẹ́ńyà nìkan náà la gbà. Oníṣòwò kan ti fi ìwé ránṣẹ́: "ọkọ̀ àjùmọ̀wọ̀", ó ní a máa wọ̀ ọ́ pẹ̀lú àwọn mìíì, owó ẹ̀ sì dín. Ṣé ká gbà?

* * *

Akówójọ

Ẹ má gbà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Land Cruiser tí òrùlé ẹ̀ ń ṣí sókè, pẹ̀lú awakọ̀ àti epo, sábà máa ń wà láàárín $200 sí $300 lójúmọ́, iye kan náà bóyá ẹni méjì ló wọ̀ ọ́ tàbí mẹ́fà. Ká ní $250: ẹ̀yin márùn-ún, $50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti ọkọ̀ àjùmọ̀wọ̀ kò tó nǹkan fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún. Ọkọ̀ àjùmọ̀wọ̀ wà fún ẹni tó dá nìkan lọ.

* * *

Ọmọ Ọdẹ

Kì í sì í ṣe owó nìkan. Nínú ọkọ̀ àjùmọ̀wọ̀, ọmọ yín á ní òun fẹ́ padà sílé ní aago mẹ́wàá, ará Jámánì tó wà níwájú á ní òun fẹ́ dúró ti ẹyẹ. Ta ni awakọ̀ máa dá lóhùn? Nínú ọkọ̀ tiyín, ẹ lè jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, kẹ́ ẹ padà wá jẹun, kí àwọn ọmọ sùn, kẹ́ ẹ tún jáde ní aago mẹ́rin. Ìgbà méjì náà nìyẹn tí ẹranko ń rìn. Lọ́sàn-án gangan, abẹ́ igi ni kìnnìún wà, kò sì ní dìde torí yín.

Ẹ má sì gbàgbé aago: mẹ́fà àárọ̀ Kẹ́ńyà, mẹ́rin òru Ìbàdàn ni. Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́ ara àwọn ọmọ á wúwo. Ẹ má fi Mara ṣe ibi tí wọ́n ti máa kọ́ aago tuntun.

Ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ máa béèrè nípa ọkọ̀: ṣé fèrèsé wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣé táyà àfipàrọ̀ méjì ló ń gbé, ṣé rédíò ìpè wà níbẹ̀. Rédíò yẹn làwọn awakọ̀ fi ń sọ fún ara wọn ibi tí ẹranko wà. Èyí tí kò ní in á máa tẹ̀lé eruku àwọn ẹlòmíì ni.

* * *

Alárìnká

Mo fi kún un: ẹni tó ń wakọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ní Kẹ́ńyà, ẹgbẹ́ àwọn afinimọ̀nà tí wọ́n ń pè ní KPSGA ń ṣe ìdánwò fún wọn, ipele mẹ́ta ló wà: Bronze, Silver, Gold. Ẹ béèrè ipele ẹni tó máa gbé yín. Iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀, ẹ wò ó bóyá orúkọ ẹ̀ wà lórí ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ KATO, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣètò ìrìn-àjò afẹ́ ní Kẹ́ńyà, kẹ́ ẹ sì béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ ẹ̀ lọ́wọ́ TRA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́. Oníṣòwò tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ á fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ san gbogbo owó sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn, tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́, ẹ má dá a lóhùn mọ́.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí kì í ṣe olè, tó sì ń dun èèyàn: wọ́n á kọ "Mara" sínú ìwé, ẹ ó dé ibẹ̀, ẹ ó rí i pé ìlú Narok ni ilé ìtura wà, nǹkan bíi wákàtí méjì sí géètì. Orúkọ géètì ni kẹ́ ẹ béèrè, Sekenani tàbí Talek, àti ìṣẹ́jú mélòó láti ibùsùn dé ibẹ̀.

* * *

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ ìlera, torí mo rí i pé ẹ ti fò ó.

Ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí yẹ́lò káàdì. Ẹni tó ti Nàìjíríà lọ sí Kẹ́ńyà gbọ́dọ̀ ní in, àwọn ìbejì náà. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kẹ́ ẹ tó wọ̀lú. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó láyé ẹni, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé káàdì tẹ́ ẹ gbà ní 2012 ti kú. Ọ̀dọ̀ àwọn Port Health lẹ ti máa gbà á, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń tà lọ́wọ́ nítòsí pápákọ̀.

Ibà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní Ìbàdàn, ẹ̀fọn ilé yín ò kéré sí ti Mara. Àwọ̀n, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn láti ìrọ̀lẹ́, ìpara tó ní DEET, kẹ́ ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò kíákíá tí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná. Ẹ fi ọ̀ràn àwọn ọmọ lọ dókítà wọn. Ẹni tí mo ń bẹ̀rù fún ni ti London. Ẹni tó ti pẹ́ lọ́hùn-ún, ara ẹ̀ ti gbàgbé ibà, òun sì ni kì í fẹ́ lo oògùn torí ó ní "ọmọ Nàìjíríà ni mí." Kó lo oògùn ìdènà. Atovaquone-proguanil: bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, lójoojúmọ́ níbẹ̀, àti ọjọ́ méje lẹ́yìn tó bá padà. Doxycycline dínwó jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìrìn-àjò ló ń gbà, ó sì ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó ara. Kì í ṣe oògùn ọmọ ọdún méje, ẹ má pín in fún àwọn ìbejì.

Ìbánigbófò tó máa san owó bàálù tó ń gbé aláìsàn. Ilé ìwòsàn ńlá ò sí nínú igbó. AMREF Flying Doctors ló ń gbé èèyàn láti Mara wá sí Nairobi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgọ́ yín bóyá ó ti wà nínú owó tẹ́ ẹ san.

* * *

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Àwọn ọmọ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n máa rí ẹkùn. Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ mi ní mo purọ́, pé kò sí tiger ní Áfíríkà.

* * *

Ọmọ Ọdẹ

Ẹ̀yin lẹ jàre, òun náà ò sì purọ́. Tiger ò sí ní Áfíríkà lóòótọ́, ẹranko Éṣíà ni. Ṣùgbọ́n ẹkùn tí àwọn ọdẹ wa ń kì nínú ìjálá kì í ṣe tiger, ẹranko tí wọ́n ń pè ní leopard lédè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ló da èyí rú fún wa, tí wọ́n ya ẹranko abilà, tí wọ́n sì kọ ẹkùn sí abẹ́ ẹ̀. Igbó wa ò ní tiger rí; báwo làwọn baba wa ṣe máa wá oríkì fún ohun tí wọn ò rí?

* * *

Wúrà Peckham

Àmọ̀tẹ́kùn wá ń kọ́? Èyí tí wọ́n fi sọ orúkọ àwọn ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ Yorùbá ní 2020?

* * *

Ọmọ Ọdẹ

Orúkọ náà ti sọ ọ́: ohun tó jọ ẹkùn tí kì í ṣe ẹkùn gan-an. Àwọn kan ń pe leopard bẹ́ẹ̀, àwọn kan ń fi pe cheetah. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Ohun tó máa wúlò fún àwọn ìbejì ni bí wọ́n ṣe máa dá méjèèjì mọ̀. Cheetah: ara ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àmì ara ẹ̀ jẹ́ tótòtó dúdú, ìlà dúdú sì ti ojú ẹ̀ sàn wá sí ẹnu bí omijé. Ẹ wá a lórí ọ̀gán ní gbalasa, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí láti wo ọ̀nà jíjìn. Ẹkùn: ara ẹ̀ ki, àmì ẹ̀ jẹ́ òrùka òrùka bí òdòdó. Orí igi létí odò ló máa ń wà, ìrù tó rọ̀ wálẹ̀ lẹ sì sábà máa kọ́kọ́ rí. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ rọra lọ létí odò Talek, kí gbogbo yín máa wo ẹ̀ka tó dùbúlẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀.

Ẹ kọ́ wọn ní orúkọ Swahili márùn-ún: simba ni kìnnìún, chui ni ẹkùn, duma ni cheetah, tembo ni erin, kifaru ni àgbáǹréré. Rédíò awakọ̀ á wá máa dùn létí wọn.

Awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni, ẹ ra méjì ó kéré tán, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí. Ọ̀kan ṣoṣo láàárín ìbejì á dá ìjà sílẹ̀.

* * *

Wúrà Peckham

Aṣọ. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ronú ẹgbẹ́jọdá fún fọ́tò. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ búlúù tàbí dúdú. Eṣinṣin tsetse fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì, àwọ̀ wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n fi ń ṣe pańpẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ń mú un nínú igbó. Funfun á di pupa kó tó di ọ̀sán. Àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ewé gbígbẹ. Aṣọ tó jọ ti sójà, ẹ fi sílẹ̀ nílé, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ́hùn-ún ni kì í fẹ́ rí i lọ́rùn ẹni tí kì í ṣe sójà.

Òtútù ni ọmọ Èkó àti Ìbàdàn kì í gbà gbọ́. Mara ga ju 1,500 mítà lọ sórí òkun. Aago mẹ́fà àárọ̀ nínú ọkọ̀ tí òrùlé ẹ̀ ṣí, ẹ máa wá suwẹ́tà, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Tó bá di aago mẹ́wàá ẹ máa bọ́ gbogbo ẹ̀.

Iná: ìho mẹ́ta onígun mẹ́rin bíi tiwa ni Kẹ́ńyà ń lò, ẹ ò nílò àfikún.

* * *

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Oúnjẹ ń kọ́? Mo fẹ́ di gàrí, ṣin-ṣín, ata gígún àti ẹran gbígbẹ sínú ọ̀rá.

* * *

Alárìnká

Ọ̀rá! Ẹ dúró níbẹ̀. Kẹ́ńyà fòfin de báàgì ọ̀rá láti oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìtanràn ẹ̀ sì lágbára, Tànsáníà tẹ̀lé e ní 2019. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2020, ìgò omi oníke alálòsọnù náà ò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà ẹranko ní Kẹ́ńyà. Ẹ tú gbogbo ọ̀rá kúrò nínú ẹrù nílé: èyí tẹ́ ẹ fi wé bàtà, èyí tí aṣọ ìdọ̀tí wà nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n fi di nǹkan fún yín ní ṣọ́ọ̀bù pápákọ̀. Àpò aṣọ ni kẹ́ ẹ rán. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ra ìgò omi tó ṣeé bù sí, àgọ́ á máa bu omi mímu sí i.

Ẹran gbígbẹ, ẹ má gbé e, ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ lè gbà á. Ata gígún nínú ìgò tí wọ́n dé dáadáa ló máa wúlò jù fún yín, torí oúnjẹ àgọ́ pọ̀, ó sì dára, ṣùgbọ́n kì í ta rárá. Ṣin-ṣín ò burú fún inú ọkọ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí oúnjẹ kankan sùn sínú àgọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọ̀bọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí síìpù, ìkookò sì ń gbọ́ òórùn láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ fi sí ilé ìdáná àgọ́. Lálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má dá rìn láti ibi oúnjẹ dé ibùsùn. Ẹ̀ṣọ́ wà tó ń sin èèyàn, askari ni wọ́n ń pè é, ẹ dúró dè é, pàápàá tí àgọ́ bá wà létí odò. Erinmi ń jáde jẹko lóru, kì í sì í yà fún ènìyàn.

* * *

Akówójọ

Owó tẹ́ ẹ máa mú dání: dọ́là tuntun, tí kò ya, tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára, tí ọdún ara ẹ̀ ò pẹ́. Èyí tó ti gbó, wọ́n á dá a padà. Géètì kì í gba owó ọwọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí oníṣòwò san án ṣáájú. Ẹ̀bùn awakọ̀, $10 sí $15 lórí àgbà kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, lọ́jọ́ ìkẹyìn, lọ́wọ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀. Káàdì náírà, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì mú káàdì àkáǹtì dọ́là pẹ̀lú.

* * *

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ wò ó bóyá ó ti tò. Ọjọ́ 1: a dé Nairobi, a sùn. Ọjọ́ 2: Mara. Ọjọ́ méje níbẹ̀. Ọjọ́ 9: Nairobi. Ọjọ́ 10: ilé.

* * *

Ọmọ Ọdẹ

Ọjọ́ méje ní Mara, $200 lójúmọ́, pẹ̀lú ọmọ ọdún méje tó gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀! Rárá o. Ẹ mú alẹ́ mẹ́rin níbẹ̀.

* * *

Alárìnká

Bí mo ṣe máa tò ó nìyí.

Ọjọ́ 1 àti 2, Nairobi, kí ara mọ aago. Ọjọ́ kejì, Sheldrick, ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ erin aláìníyàá. Aago mọ́kànlá sí méjìlá ọ̀sán nìkan ni wọ́n ń gba àlejò, ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú. Lọ́sàn-án, Giraffe Centre, àwọn ọmọ á fi ọwọ́ ara wọn bọ́ àgùnfọn.

Ọjọ́ 3, ẹ lọ sí Mara, àgọ́ tó wà lẹ́yìn géètì, kì í ṣe inú ọgbà. Lọ́jọ́ yẹn ẹ má wọlé, ẹ sinmi. Ọjọ́ 4, 5 àti 6, odindi ọjọ́ mẹ́ta, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ 5 jẹ́ ti odò, ẹ gbé oúnjẹ ọ̀sán dání. Ọjọ́ 7, ẹ gbéra láàárọ̀ láìwọ ọgbà. Alẹ́ mẹ́rin, $1,800 péré ní géètì.

Ọjọ́ 7 àti 8, Naivasha, ìlú tó wà létí adágún. Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ má fò. Àwọn ọmọ á ti jókòó tó. Ní Hell's Gate wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́ láàárín kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, ní Crescent Island wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgùnfọn, ọkọ̀ ojú omi sì wà lórí adágún tí wọ́n á ti rí erinmi. Ọjọ́ 9 Nairobi, ọjọ́ 10 ilé.

Ètò tẹ́ ẹ máa gbà: ẹ yẹ ìwé ìrìnnà wò lónìí, oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ kù lára ẹ̀. Yẹ́lò káàdì lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ di àgọ́ Mara mú pẹ̀lú owó àsansílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, torí àgọ́ oṣù Kẹjọ tètè ń kún ju bàálù lọ. Lẹ́yìn náà ni bàálù. Kẹ́ ẹ tó ra á, ẹ tún wo ojú-òpó ìjọba Kẹ́ńyà bóyá òfin ìwọlé ti yí. Ẹ tẹ ìwé ibùsùn àti tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ jáde sórí bébà, wọ́n lè béèrè ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ bàálù ní Èkó.

* * *

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní òun máa kọ́kọ́ wá kí ìyá wọn n'Íbàdàn fún ọjọ́ mẹ́rin, ká jọ gbéra láti Èkó.

* * *

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì

Nígbà náà, yẹ́lò káàdì kan òun náà. Ká ní láti London ló ti lọ tààrà ni, wọn ò ní béèrè. Kó gba abẹ́rẹ́ náà ní London, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wá. Oògùn ibà ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ Ìbàdàn, kì í ṣe kó tó wọ Kẹ́ńyà.